Agbépósí Kẹfà

"Ọwọ́ kọ́ ni Ọlọ́run fún ẹ, Melchor. Èjìká ni."

Ìyáàfin Ofelia Iturrizaga fi ẹ̀rín sọ ọ́, bí ẹni tí ń yin ọmọ rẹ̀ lójú àlejò, ó sì tún tẹjú mọ́ àwọn òdòdó funfun tí ó ń tò sórí tábìlì. Òun ni ó ni ilé iṣẹ́ ìsìnkú náà; ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún rẹ̀. Melchor Guadalupe wà lórí ìdúró níwájú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó. Ó mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dání nínú ọ̀rá tí ń dán. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ pupa lu ìwé náà fún un, tí wọ́n sì kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé ó ti mọ iṣẹ́ ìtọ́jú òkú.

"Ṣùgbọ́n Bàbá Abundio ń padà sí Huancayo lọ́jọ́ Ẹtì, Ma, wọn ò sì ní wá mọ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé kẹ́ ẹ fi yàrá ẹ̀yìn lé èmi lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bá wọn ṣe é."

"Abundio ti lẹ́nu jù." Ó já ewé kan tí ó ti rọ. "Wò ó, ọmọ mi. Táwọn ẹbí olóòkú bá pè mí, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè? 'Ìyáàfin Ofelia, àwọn dúdú yín wọ̀nyẹn la fẹ́ o, àwọn tó ga.' Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè yẹn. Òkú tí kò bá ní dúdú mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀ ní Lima yìí, òkú tálákà ni. Tí mo bá wá tì ẹ́ mọ́ yàrá, ta ni kí n fi síwájú lápá ọ̀tún? Renzo, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lè kọ́ iṣẹ́ yàrá."

"Renzo dákú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọbẹ̀, Ma."

"Ó máa mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ onísùúrù ni, iṣẹ́ ẹni tó lè dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn yín, ẹ̀rín, ijó, agbára, ẹ̀bùn tiyín nìyẹn. Ẹ má kẹ́gàn ẹ̀bùn." Ó wá gbójú sókè. "Jẹ́ ká sin tòní ná. Adájọ́ ni, gbogbo ilé ẹjọ́ ló ń bọ̀. Tí a bá parí rẹ̀ láìsí àléébù, màá rò ó."

Melchor dúpẹ́, ó sì jáde. Kò sọ fún un pé wákàtí méjì ni òun ti fi dákẹ́ láàárọ̀ yẹn, nínú yàrá ẹ̀yìn, tí òun ń fá irùngbọ̀n adájọ́ náà pẹ̀lú abẹ tí kò gbọdọ̀ ya awọ. Òun àti Bàbá Abundio nìkan ni ó ti rí ojú Adájọ́ Hermógenes Arrunátegui láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn. Opó rẹ̀, arúgbó pupa kan tí ó wá láti Arequipa, ti sọ fún wọn pé olóògbé ní kí wọ́n má ṣí pósí òun fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ní iwájú ilé pé adájọ́ náà dúdú bí kóró iṣin.

Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ni kò fẹ́ pa dé. Ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, bí ojú ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò gbà gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pa dé, yóò tún rọra ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Melchor tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá Abundio fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Bóyá ó ń retí ẹnì kan."

Oṣù kẹfà ni. Ojú ọ̀run Lima ti dé bí ọmọrí ìkòkò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìrì tí kì í di òjò sì ń sẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sórí gbogbo nǹkan. Melchor bá àwọn agbépósí mẹ́rin lábẹ́ òrùlé níwájú ilé, wọ́n ń mu àgbo gbígbóná tí obìnrin kan ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kóòtù dúdú kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, fìlà dúdú kan náà, ìbọ̀wọ́ funfun kan náà. Ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òdìkejì títì yóò rò pé ọkùnrin kan ni, tí dígí sọ di púpọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́ yàrá?" Porfirio ni ó béèrè. Òun ni aláwàdà wọn. "Àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jó fáwọn wò?"

"Wọ́n ní àwọn máa rò ó."

"Háà! Ọdún tí wọ́n máa fi rò ó, àwa la máa gbé wọn lọ síbojì, ẹ ó sì wà níwájú lápá ọ̀tún." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára dákẹ́, nítorí ọkọ̀ àkọ́kọ́ àwọn adájọ́ ti dé.

"Cirilo tó jẹ́ ẹnì kẹfà wa dà?" ni Melchor béèrè.

"Kò tíì dé láti Cañete. Ó ní tóun ò bá tètè dé, òun á rán ìbátan òun kan."

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan jáde láti inú kùrukùru. Kò sí ẹni tí ó rí ọkọ̀ tí ó gbé e wá. Ó ga, ó dúdú, ó wọ kóòtù dúdú, ó sì gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wo inú gbọ̀ngàn, níbi tí pósí wà láàárín àbẹ́là mẹ́rin, àfi bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ilé tí òun ń wá nìyí.

Nilda, tí ń gba àlejò, já lù ú. "Ìwọ rèé! Ṣé òkú ló yẹ kó máa dúró dè ẹ́ ni? Mú báàgì yìí wá. Gba, wọ ìbọ̀wọ́, fìlà rèé. Àwọn èèyàn ẹ wà lọ́hùn-ún."

Ọkùnrin náà wo ìbọ̀wọ́, ó wo Nilda, ó sì tún wo pósí. Ẹnu rẹ̀ mì bí ẹni tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ìbọ̀wọ́ náà, ìka kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, ó sì rìn wá bá wọn.

"Ibo ni kí n dúró sí?" ni ó béèrè.

Melchor wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó dà bíi pé òun ti rí ojú yìí níbì kan tí kò jìnnà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìbátan Cirilo ni, pé òun á ti rí i níbi òkú kan. "Apá òsì, lẹ́yìn," ni ó dá a lóhùn. "Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìdúró kan. Má wojú ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó máa wo tìẹ."

Wọ́n gbé pósí. Ọdún mọ́kànlá ni Melchor ti wà lábẹ́ pósí, ó sì mọ bí òkú ṣe ń wúwo. Ó mọ̀ pé ìwọ̀n a máa wà ní ibi orí, pé bí wọ́n bá ti fì í sọ́tùn-ún yóò fì sósì, kí ó lè dà bí ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ jẹ́jẹ́. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti fì sápá òsì, tí kò sì padà, bí ẹni tí ó sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Láàárín ìṣísẹ̀ kẹta àti ìdúró, Melchor gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ohun tí ó gbọ́ ni ìdákẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, ìdákẹ́ ẹni tí ń dúró kí a dá òun lóhùn.

Porfirio, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, ti la ojú sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìmi ètè. "Ta ni ọkùnrin yẹn ń bá sọ̀rọ̀?"

"Máa rìn."

Àwọn adájọ́ tò sápá méjèèjì ọ̀nà. Ojú wọn ń tẹ̀ lé pósí, kò sí ojú kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbé e.

Nínú bọ́ọ̀sì kékeré tí ó ń kó àwọn agbépósí, Melchor jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ òkú ń lọ níwájú wọn, kùrukùru ń gbé e mì, ó sì tún ń pọ̀ ọ́ jáde. Fóònù rẹ̀ dún. Cirilo ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Bọ́ọ̀sì bà jẹ́ ní Cañete, ibẹ̀ ni mo ṣì wà."

"Kò burú. Ìbátan ẹ ti dé."

"Ìbátan mi wo? Èyí tí mo fẹ́ rán ní òun ò lè wá. Mi ò rán ẹnì kankan o, Ẹ̀gbọ́n."

Melchor rọra sọ fóònù kalẹ̀ sórí itan. Ó gbé ojú sókè sí dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin márùn-ún ni ó wà lẹ́yìn, fìlà márùn-ún, ìbọ̀wọ́ mẹ́wàá lórí orúnkún. Mẹ́rin nínú wọn ń wo òde. Ẹni kárùn-ún ń wò ó nínú dígí, ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

Ojú tí òun fi abẹ fá láàárọ̀ ni èyí, ó kàn fi ọgbọ̀n ọdún kéré. Ìṣẹ́jú kan kọjá tí ó gbà pé òkú ni ó jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ọgbọ́n orí rẹ̀ padà, ohun tí ó wá yé e burú ju òkú lọ: ọmọ olóògbé ni. Ọmọ tí opó ti ń sọ láti àná pé yóò wọ bàálù dé, tí ilé iṣẹ́ sì ti to àga fún níwájú gbogbo ènìyàn. Nilda ti fi ìbọ̀wọ́ lé e lọ́wọ́. Melchor fúnra rẹ̀, tí ó ti wo ojú yìí fún wákàtí méjì gbáko, ti wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ti ní kí ó lọ sí apá òsì, lẹ́yìn.

Ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu. Ó rántí pé Ìyáàfin Ofelia ti ní òun kò fẹ́ àléébù, pé bí ariwo bá bẹ́ nísinsìnyí, yàrá ẹ̀yìn ti di ti Renzo. Ó pa ẹnu dé. Nínú dígí, ojú náà kò kúrò lára rẹ̀ títí wọ́n fi dé itẹ́ òkú.

Àwọn ibojì ibẹ̀ wà nínú ògiri, ìhò lórí ìhò, àjà márùn-ún sókè, bí ilé tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ti di. Wọ́n gbé pósí sí èjìká, wọ́n sì wọ àárín àwọn ògiri náà. Opó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ìbòjú dúdú bo ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́. Ó na ọwọ́, ó sì di apá Melchor mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ẹ rí dókítà kan? Leandro lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti rí i mọ. Wọ́n ní bàálù rẹ̀ ti balẹ̀ láti àárọ̀."

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àti pósí nìkan ni ó wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Melchor gbọ́ tí ìmí ẹni tí ó wà lẹ́yìn lápá òsì dúró gbọnyin. Ìyáàfin Ofelia ń bọ̀ lẹ́yìn opó, ó sì ń fi ojú bi í pé kí ló dé.

"Kò ní pẹ́ dé, Ma," ni Melchor wí.

Wọ́n sọ pósí kalẹ̀ sórí àtẹ irin níwájú ìhò. Fadá gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ó tú ìwé kékeré kan, ó sì ní kí Dókítà Leandro Arrunátegui, àkọ́bí olóògbé, wá sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Àwọn ènìyàn wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Kùrukùru nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn agbépósí mẹ́fà ṣí fìlà, ó sì jáde síwájú.

Adájọ́ àgbà kan sọ pé "Kí ló ń ṣe èyí?" fún ẹnì kejì rẹ̀. Ìgbà tí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, "Bàbá mi," ni opó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi tí ohùn ti ń wá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú. Ó fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan kóòtù rẹ̀, ó wá fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́, ó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń fi bíríkì di ìhò náà, Ìyáàfin Ofelia fa Melchor sẹ́yìn ògiri kan. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Nilda ti pa mí. Ó ti pa mí lónìí. Ṣé o mọ iye lọ́yà tó wà níbẹ̀ yẹn? Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ilé mi ń há ìbọ̀wọ́ fún gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó tán." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohun tí kò ṣe rí. "Ṣùgbọ́n ìwọ, èèyàn rẹ̀ ni ẹ́. Lọ bá a. Sọ pé ìwọ lo fún un níbọ̀wọ́, pé o rò pé ìbátan ẹ ni. Tí àwa bá ṣì í mọ̀, ẹjọ́ ni. Tí ìwọ bá ṣì í mọ̀, ẹ̀rín ni, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín sí i."

Melchor wo ọwọ́ tí ó di tirẹ̀ mú.

"Yàrá ẹ̀yìn di tìẹ," ni Ìyáàfin Ofelia wí. "Láti ọjọ́ Ajé. Ọwọ́ ẹ dára, Abundio ti sọ fún mi tipẹ́."

Tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni Melchor gbé dání bí ó ti ń lọ.

Dókítà náà dá dúró níwájú ìhò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí; ìyá rẹ̀ ti jókòó láàárín àwọn obìnrin. Melchor dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ kú àdánù, Dókítà. Melchor Guadalupe lorúkọ mi. Wọ́n rán mi pé kí n sọ fún yín pé èmi ni mo fún yín níbọ̀wọ́. Èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Obìnrin yẹn ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí adájọ́, akọ̀wé kan kó fáìlì lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun gbé e fún adájọ́ tuntun. Bàbá mi gbé e. Ó tò ó sórí tábìlì, ó wá jókòó sórí àga. Ó máa ń sọ ìtàn yẹn, á máa rẹ́rìn-ín, àwa náà á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin yẹn na ìbọ̀wọ́ sí mi, mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún un." Ó wo ìhò tí wọ́n dí náà. "Mo gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń béèrè mi. Bí mo bá fèjìká sílẹ̀, bàbá mi á ṣubú."

"Nǹkan kan ṣì kù, sà. Èmi ni mo fá irùngbọ̀n wọn láàárọ̀. Mo mọ ojú wọn ju ẹnikẹ́ni tó wà níbí lọ. Ẹ dé, ẹ dúró níwájú mi, mo sì ní kẹ́ ẹ lọ sápá òsì, lẹ́yìn."

"Nínú ọkọ̀, o mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń retí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ wọn."

Dókítà náà wò ó pẹ́. Ìpéǹpéjú tí ó rọ̀ náà kò mì. Melchor retí kí ó bú òun, tàbí kí ó dárí jì òun. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní, "O fá a dáadáa," ó sì yí padà lọ bá ìyá rẹ̀.

Ìyáàfin Ofelia ń dúró lẹ́bàá ọkọ̀. "Ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un, Ma. Mo sọ pé kì í ṣe èmi ni mo fún wọn níbọ̀wọ́, mo sì sọ ohun tí èmi náà ṣe."

Ó wò ó bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n máa lọ. Melchor bọ́ kóòtù ilé iṣẹ́, ó ká a, ó sì fi lé Porfirio lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù á pa yín. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ. Ọ̀la ni ẹ ó bẹ̀ wọ́n."

"Máa lọ, Porfirio. Kí ilé fún mi."

Ó dá rìn láàárín àwọn ògiri, nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀ bóyá ẹnu ọ̀nà wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Gbogbo ògiri jọra, orúkọ lórí orúkọ, ìrì ń ṣàn lójú àwọn òkúta. Ó ń ro àwọn ilé ìwòsàn tí ó ní mọ́ṣúárì, èyí tí ó jìnnà àti èyí tí kò jìnnà, nígbà tí ohùn obìnrin kan pè é láti ìdí ògiri kan.

"Ìwọ! Bá mi gbé àkàbà yẹn wá, kó o fọ òkúta ọkọ mi. Àjà kẹrin ni. Kíá, mo ní ibi tí mò ń lọ."

Àkàbà kan fara ti ògiri ní tòótọ́. Ẹsẹ̀ Melchor ti yà síbẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà. Ó wo ọwọ́ náà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó fà á padà.

"Melchor Guadalupe lorúkọ mi, Ma," ni ó wí. "Mi ò ṣiṣẹ́ níbí. Olùtọ́jú òkú ni mí."

Obìnrin náà gbé orí, àfi bíi pé ọ̀kan nínú àwọn ìhò ara ògiri ni ó sọ̀rọ̀.

"O ní kí ni?"

Melchor sún mọ́ ọn títí kùrukùru kò fi sí láàárín wọn mọ́, ó sì tún un sọ.